Ìbéèrè Méjì Tí Mo Bi Ọ̀gá Mi Lẹ́ẹ̀kan Náà

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ikosi ń pè mí ní Mummy Server. Wọ́n máa ń wá jókòó tì mí ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á ní kí n sọ fún àwọn bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dára láti ṣe. Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò mọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mò ń ṣàwàdà. Mi ò ṣàwàdà o. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n fún mi ní aago ògiri, wọ́n bá mi ya fọ́tò, síbẹ̀ ohun tó rú mi lójú nínú iṣẹ́ náà pọ̀ ju èyí tó yé mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ̀yin fúnra yín wò ó bóyá ẹ lè fara dà á.

Tí o bá ṣí ìkànnì kan lórí fóònù rẹ, ohun tí o rí yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀, bọ́tìnnì tí o máa tẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Fóònù rẹ gbọ́dọ̀ béèrè gbogbo wọn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan tó jìnnà réré, èyí tí a ń pè ní server. Báwo ni ìbéèrè púpọ̀ ṣe máa gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, tí ìdáhùn wọn á sì padà wá láìdàrú mọ́ra? Òun ni mo fi ayé mi ṣe. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

Káfíńtà ni bàbá mi, láti Ṣakí ló ti wá tẹ̀dó sí Ketu. Nígbà tí mo parí ìwé tí mi ò ríṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú mi lọ bá Ọ̀gá Àlàbí, tó ní ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí ọjà Ketu. Owó oṣù ibẹ̀ kò ṣeé sọ, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọ̀gá Àlàbí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló máa ń wọ̀, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bó ṣe kọ́ wa níṣẹ́, mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kó jọ̀ọ́ fún mi ní wáyà. Ó gbé e fún mi. Bí mo ṣe ní kí n béèrè ibi tí màá ki wáyà náà bọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Jáde."

"Sà?"

"O ti gba ohun tó o béèrè. Jáde, kó o pa door yẹn dé. Tó o bá tún fẹ́ nǹkan, kan ilẹ̀kùn, wọlé, kí mi, jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn, kó o tó wá béèrè."

Mo jáde. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, Rónkẹ́. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́ sà. Ibo ni kí n ki wáyà yìí bọ̀?"

"Ẹ̀yìn modem. Máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí di ọ̀sán. Fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, mo máa kan ilẹ̀kùn, mo máa kúnlẹ̀, a máa kí ara wa bí ẹni tí kò rí ara wọn láti ọdún tó kọjá. Orúnkún ń dùn mí, inú sì ń bí mi. Mo rò pé ìyà ló ń fi jẹ mí nítorí pé obìnrin ni mí. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó pè mí, ó ní kí n jókòó.

"Bí browser tá a fi ń ṣí ìkànnì àti server ṣe ń ṣe nìyẹn," ló wí. "Wọn ò lè ṣiṣẹ́ láìkí ara wọn. Wọ́n á kí ara wọn, browser á béèrè ẹyọ kan, server á fún un, wọ́n á pa ilẹ̀kùn. Tí page kan bá wá ní ogún picture ńkọ́? Orúnkún ẹ á lè sọ fún ẹ."

Mi ò gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn mọ́ láéláé. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní tí mo bá ti kí òun tán, kí n má jáde mọ́, kí n dúró níbẹ̀ kí n máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Àmọ́ ìyọnu tirẹ̀ wà nínú èyí náà, torí mo gbọ́dọ̀ dúró gba ìdáhùn kan kí n tó béèrè òmíràn, Ọ̀gá Àlàbí sì lè ronú lórí ìbéèrè kan títí tíì tó ń mu á fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta tún wà. Nínú èyí, o lè da gbogbo ìbéèrè rẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró de ìdáhùn kankan. Ṣùgbọ́n bí o ṣe tò wọ́n ni server gbọ́dọ̀ ṣe dáhùn wọn, nítorí ìdáhùn kò ní àmì lára. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni ti ìbéèrè àkọ́kọ́, kò sí ọ̀nà mìíràn tí o fi lè mọ̀. Tí ti àkọ́kọ́ bá wúwo, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tò sílẹ̀ máa wò. Mo bi Ọ̀gá Àlàbí bóyá ọ̀nà yìí dára. Ó ní kò dára. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ó ní àyè tirẹ̀. Níbí yìí gan-an ni orí mi ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Ó wá di ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó tòmátì àti ata láti òkè Ọya wá sí ọjà Mile 12 ní kí a ṣe ìkànnì fún àwọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí àwọn ìyá ọlọ́jà lè wo ojú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n mọ ọkọ̀ tó ti wọlé, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì láti fi mú agbọ̀n tiwọn. Kò ní sí ẹni tó máa ja ìjà agbọ̀n lẹ́yìn ọkọ̀ mọ́. A ta kánópì sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, a to kọ̀ǹpútà sábẹ́ rẹ̀, a gbé àwo sátẹ́láìtì sórí òrùlé kan nítòsí. Nítorí pé òkè ọ̀run ni ìbéèrè ń gbà lọ tó sì ń gbà bọ̀, ó máa ń pẹ́ púpọ̀. Alága ilé-iṣẹ́ náà sì ní dandan, àwòrán òun nínú agbádá, ńlá, kedere, ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, nǹkan méjì ṣì kù tí mi ò dá pinnu. Àkọ́kọ́ ni bóyá kí n tan ọ̀nà kẹta yẹn lórí àwọn kọ̀ǹpútà náà, torí ọ̀nà ojú ọ̀run tó jìn. Èkejì ni bóyá kí n gbé àwòrán alága kúrò níwájú, kí n fi í sí ìsàlẹ̀. Mo bá Ọ̀gá Àlàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, fóònù wà létí rẹ̀, ariwo ọjà sì gba gbogbo ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó mi orí sí mi. Ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sí Mile 12 ti ń fọn fèrè. Mo bá da ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sà, ṣé kí n tan án? Ṣé kí n gbé picture Chairman kúrò níwájú?"

Ó wo ojú mi. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó sinmi díẹ̀. Ó tún ní, "Rárá, rárá o."

Mo dúpẹ́, mo sáré wọ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fún àkọ́kọ́, rárá fún èkejì. Mo tan ọ̀nà kẹta, mo fi alága sílẹ̀ níwájú.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi gbọ́. Nígbà tí àsọyé tán, wọ́n ní kí Alhaja kan tó jẹ́ olórí àwọn alátòmátì wá tẹ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Fìlà alága ló kọ́kọ́ yọ. A dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, iwájú orí alága yọ. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù ń ṣe bákan náà, fìlà lókè, funfun nísàlẹ̀. Bọ́tìnnì agbọ̀n wà lẹ́yìn àwòrán náà nínú ìlà, kò sì lè kọjá. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó fúyẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dúró kí ojú, imú, àgbọ̀n àti agbádá alága kọ́kọ́ wọlé tán. Wọ́n sì ti pàṣẹ fún àwọn awakọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tà.

"Haba, Alhaji!" Awakọ̀ kan ń pariwo sí alága láti orí ọkọ̀. "Tòmátì ń rọ̀ nínú oòrùn o! Walahi, omi ti ń jáde nídìí ẹ̀!"

Alhaja yíjú sí mi. "Aunty, ẹ ò rí i pé àwa ń wo Chairman láti àárọ̀? Ṣé òun la fẹ́ lọ̀ sọ́bẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn ọlọ́jà ti já lu ọkọ̀, wọ́n ń fa agbọ̀n mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tòmátì sì ń ṣàn sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá Àlàbí dé, ó tẹ kọ̀ǹpútà kan, ó wo inú rẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

"Ta ló ní kó o tan án?"

"Ẹ̀yin ni sà."

"Èmi? Picture yẹn ńkọ́, ta ló ní kó o fi síwájú bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni sà. Mo bi yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ staircase."

Ó wò mí lójú gbogbo èèyàn. Mo mọ irú ìwò yẹn, ìwò tí wọ́n ń wo òpùrọ́ ni. "Máa lọ sílé, Rónkẹ́," ló wí. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Mile 12 dé Ketu, mò ń sunkún lójú títì, mi ò sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jókòó sí mi láyà. Mi ò purọ́. Ó dáhùn, mo gbọ́ ọ fúnra mi. Ní ilé-iṣẹ́ kejì tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Mende, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rò ó pé bóyá ìbéèrè kejì ló kọ́kọ́ dáhùn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó sọ ni pé kí n gbé àwòrán kúrò, kí n má sì tan ọ̀nà kẹta, èmi wá ṣe òdìkejì méjèèjì. Tó bá sì jẹ́ pé bí mo ṣe béèrè ló ṣe dáhùn, òun ló purọ́ mọ́ mi. Nínú àwa méjèèjì, ọ̀kan jẹ̀bi, mi ò sì mọ ẹni náà. Mo lè máa fọ abọ́ kí ó sọ sí mi lọ́kàn, kí n dúró kí omi máa dà.

Iṣẹ́ ń lọ ní tirẹ̀. Ní Mende, mo di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọgbọ́n kan. Browser kì í ṣí ju ilẹ̀kùn mélòó kan lọ sí orúkọ kan, nítorí náà a máa ń fún ìkànnì kan ní orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó lè rò pé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀. A tún máa ń lẹ àwòrán kéékèèké pọ̀ sórí pátákó kan, kí wọ́n lè jẹ́ ìbéèrè kan. Wọ́n ń wá mi láti Magodo nítorí iṣẹ́ yìí. Mo ti ń rò pé mo ti mọ nǹkan báyìí.

Ni ẹ̀yà kejì èdè tí browser àti server fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bá dé; ẹ̀yà kìíní ni gbogbo ọ̀nà tí mo ti ń sọ bọ̀ yẹn. Túndé, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, wá bá mi ní tábìlì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́ ma, a ní láti tú gbogbo àwọn orúkọ yẹn palẹ̀. Àwọn gan-an ló ń slow site yẹn báyìí."

"Àwọn tó ń jẹ́ kó yá?"

"Nígbà yẹn ni ma. Ìsopọ̀ kan ṣoṣo ti tó báyìí."

Mo wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Nínú ẹ̀yà kejì, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìdáhùn náà sì máa ń gbé nọ́ńbà yẹn lára padà wá. Wọ́n lè gé ìdáhùn sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n pò wọ́n mọ́ra lójú ọ̀nà, èyí tó wà lẹ́yìn lè ṣíwájú, kò sí wàhálà, nọ́ńbà la ó fi mọ ti oníkálukú. Nígbà tó yé mi, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún. Nọ́ńbà lásán! Ká ní mo ti fi nọ́ńbà sí ìbéèrè méjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ayé mi ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú ẹ̀yà kejì náà tí kò yé mi rárá. Wọ́n ní server lè fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ọ kí o tó béèrè. Mo ní, ta ló fẹ́ gba ohun tí kò béèrè? Túndé ṣàlàyé títí, mo ń mi orí, kò wọlé. Nígbà tó yá, àwọn browser ní àwọn kò ṣe é mọ́. Mo ní kí Túndé má bínú, mo ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yà kẹta tún dé. Nínú ti kejì, bí ẹrù kan bá jábọ́ lójú ọ̀nà, gbogbo ẹrù yòókù á dúró dè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà wà lára wọn. Ẹ̀yà kẹta gba ọ̀nà mìíràn, níbi tí ẹrù tó jábọ́ kì í ti í dá òmíràn dúró. Kódà tí ẹ bá ti mọ ara yín tẹ́lẹ̀, o lè béèrè bí o ṣe ń kí i lọ́wọ́. Mo ronú kan Ọ̀gá Àlàbí, pé kí ẹnì kan wọlé bá a, kí ó máa kí i kí ó sì máa béèrè pọ̀! Mo rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ pa orúnkún mi. Bí mo ṣe ń gbìyànjú láti mọ ẹ̀yà kẹta dunjú ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi pé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyàwó Ọ̀gá Àlàbí pè mí. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú ọkọ rẹ̀. Ó ní ó ń dárúkọ mi. Mo kọ́kọ́ ní mi ò lọ. Mo tún ní màá lọ. Tí mi ò bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, ta ni màá tún bi?

Mo bá wọn nínú ilé wọn ní Ogudu, ní ọ̀sán. Ọ̀gá Àlàbí jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà."

Kò dáhùn. Mo béèrè ara rẹ̀. Kò dáhùn. Mo béèrè bóyá ó mọ̀ mí. Ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Káàsán."

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, Rónkẹ́. Ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, ìdáhùn ló máa ń pẹ́, kì í sì í tò. Mo bi í lánàá bóyá á jẹ ẹ̀kọ àti bóyá ká pe ọmọ ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé ẹ̀kọ dé, ó gbá a dànù." Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. "Wo bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Ìbéèrè kan, ìka kan. Èyí tó bá fẹ́ dáhùn, á di ìka ẹ̀ mú."

Mo wo ìka ìyá yìí. Mo sún mọ́ Ọ̀gá, mo na ọwọ́ mi sí i.

"Sà, lọ́jọ́ Mile 12, nígbà tí mo bi yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn." Mo gbé àtàǹpàkò sókè. "Ṣé ẹ ní kí n tan án?" Mo gbé ìka tó tẹ̀ lé e. "Ṣé ẹ ní kí n gbé picture Chairman kúrò?"

Ó wo ọwọ́ mi. Fáànù ń yí. Mo ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ó ṣe ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò di àtàǹpàkò. Kò di èkejì. Ìka àárín ló dì mú, èyí tí mi ò fi ìbéèrè kankan sí.

"Rárá o, Daddy," ìyàwó rẹ̀ ní, "kò tíì béèrè nǹkan kan sí ìyẹn."

Kò fi í sílẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu, itọ́ ń yọ sí i létè.

"Fóònù," ló wí. Ó sinmi. "Fóònù ni mò ń dá lóhùn. Mi ò gbọ́ ẹ."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí mo fi ń to bẹ́ẹ̀ ni àti rárá, tí mo ń yí wọn síwá sẹ́yìn, kò sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Ẹlòmíràn ló béèrè, òun ló dá lóhùn, èmi ni mo gbà á. Òun kò purọ́. Èmi náà kò purọ́.

"Ìgbà wo lẹ wá mọ̀ sà?" Mo gbé ìka kẹrin sókè.

Ó pẹ́ kó tó dì í mú. "Alẹ́ ọjọ́ náà." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ojú tì mí."

Mo fẹ́ bínú. Inú kan ń bí mi lóòótọ́, inú kan sì ń dùn, mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ ṣe, mo bá ń sunkún mo sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìka mi. Ẹ̀yin ọmọ Ikosi tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ yìí dára, ohun tí mo gbé délé láti Ogudu nìyẹn, ẹ bá mi tú u.

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí èmi.

"Rónkẹ́, ṣé wàá bá wa jẹun?" Ó gbé àtàǹpàkò. "Àbí o ti fẹ́ máa lọ?" Ó gbé ìka kejì.

Mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú.